Ariwo Píkọ́ọ̀pù Bàbá Kòkó

Agogo méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ní ọdún kẹta lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Sámù, ẹni tí í ṣe dẹ́rẹ́bà, wa píkọ́ọ̀pù ọ̀gá rẹ̀ wọ wọ́kíṣọ́ọ̀bù wa ní Arámọkọ. Mo mọ àkókò náà dájú nítorí pé láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́ ni mo ti ń wo aago. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù kí oṣù mẹ́ta tí ọ̀gá mi fi ń dán mi wò pé. Bí ọ̀sẹ̀ yẹn bá parí tí n kò ṣe ohun kan tí yóò fi hàn pé mo wúlò, n óò di ẹrù mi, n óò sì padà sí Kétu.

Ọmọ Kétu ni mí, ní ilẹ̀ Dàhòmì, níbi tí àwọn Faransé ti ṣe ìjọba. Mo jáde nílé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Àjàṣẹ́, mo gba ìwé ẹ̀rí tó dára, mo sì jókòó nílé fún oṣù mẹ́jọ gbáko láìríṣẹ́. Pásítọ̀ wa ló kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Èkìtì, ọ̀rẹ́ yẹn ló sì bá mi wá àyè lọ́dọ̀ Ọ̀gá Adéwùmí. Bí mo ṣe rìn dé ibẹ̀ kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ. Ohun tó gbà mí lọ́kàn ni ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn tí mo dé.

Mo ti rò pé kì í ṣe ìdálẹ̀ ni mò ń lọ. Èdè kan náà ni, mo wí fún ara mi. Bíbélì kan náà ni a ń kà, ohùn orin ìjọ kan náà ni a ń gbé. Bóyá ìdí nìyẹn tí ohun tí mo bá níbẹ̀ fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ká ní ìlú òyìnbó ni mo lọ, ǹ bá ti múra ọkàn mi sílẹ̀ láti jẹ́ àjèjì. Ṣùgbọ́n láti jẹ́ àjèjì láàárín àwọn tó ń sọ èdè tí ìyá rẹ fi rẹ̀ ọ́ lẹ́kún, ìyẹn ò ní ìmúrasílẹ̀ kankan.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Ọ̀gá Adéwùmí ní kí n kó irinṣẹ́ mi jáde kí òun rí i. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, irun orí rẹ̀ ti funfun díẹ̀, ó sì ti tún ọkọ̀ ìjọba ṣe fún ọdún mẹ́rìnlá kó tó dá dúró. Mo tẹ́ aṣọ sílẹ̀, mo to gbogbo sípánà mi lé e, láti orí kékeré dé ńlá. Wọ́n ń dán yanran. Ẹ̀bùn tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fún mi lọ́jọ́ tí mo jáde ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n.

Ọ̀gá mú ọ̀kan, ó fi sí nọ́ọ̀tì lára lọ́rì kan. Ó ń yọ̀ gbọ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀. Ó mú òmíràn. Ìyẹn kò wọlé rárá.

Bọ̀ọ̀dá Sámù, tó mú ọkọ̀ ọ̀gá rẹ̀ wá fún òróró lọ́jọ́ náà, bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ Faransé! Ṣé bí orí nọ́ọ̀tì Kétu ṣe rí lọ́tọ̀ nìyẹn, àbí ńṣe ni tiwa ń ṣàìsàn?"

Gbogbo wọ́kíṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n etí mi gbóná. Ìwọ̀n Faransé ni wọ́n fi ṣe sípánà tèmi, ìwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe àwọn ọkọ̀ tiwọn, àwọn méjèèjì kò sì bára wọn mu. Nínú àpótí tí mo fi orí rù, ẹyọ kan ṣoṣo ló wúlò. Mo kó gbogbo rẹ̀ padà sínú aṣọ rẹ̀. Kì í ṣe irin lásán ni mo rò pé mo ń ká sínú aṣọ yẹn, ó dàbí ẹni pé ọdún mẹ́ta tí mo fi kàwé ni mo ń dì.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá ní kí n wa ọkọ̀ kan lọ sí ẹ̀yìn ìlú kí n fi dán bíréèkì rẹ̀ wò. Mo jáde, mo sì bọ́ sí apá ọ̀tún títì gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe nílé wa. Lọ́rì kan tó gbé pákó bọ̀ láti Ìjerò kọjú sí mi gan-an. Dẹ́rẹ́bà rẹ̀ tẹ fèrè, ó ya sínú koríko, ó bọ́ sílẹ̀, ó dúró, ó ń wò mí títí bí ẹni tó ń wo àrùn.

"Ọ̀dọ́kùnrin," ó wí, "ta ló kọ́ ọ?"

Ní ilẹ̀ yìí, apá òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Ọwọ́ mi ni kò tíì mọ̀ ọ́n.

Báyìí ni oṣù méjì àkọ́kọ́ ṣe lọ. Ìwé ẹ̀rí mi wà ní èdè Faransé, kò sẹ́ni tó lè kà á. Ọ̀gá fi í sórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn agolo òróró, ó ní, "Ó dára, òǹtẹ̀ rẹ̀ pọ̀." Iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé fún mi ni fífọ nọ́ọ̀tì, fífẹ́ táyà, àti títú ohun tí ẹlòmíràn yóò tò padà. Otútù òwúrọ̀ àárín òkè wọ̀nyẹn wọ inú egungun mi. Màmá onílé mi, ìyàwó tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, kì í jẹ́ kí n sùn láìjẹ uyán, bí wọ́n ti ń pe iyán níbẹ̀. Bí mo bá sọ pé mo ti yó, yóò ní, "Ọkùnrin wo ló ń yó lórí òkèlè mẹ́fà? Jẹun jàre, o ti dé ulé." Ulé. Mo mọ̀ pé ilé ló ń wí. Síbẹ̀, nígbàkigbà tó bá sọ ọ́, mo máa ń ronú pé ilé rẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi. Mo ń sọ èyí kí ẹ má bàa rò pé wọ́n ṣe mí níkà. Wọn kò ṣe mí níkà. Inú rere wọn pọ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé àlejò ni mo jẹ́ sí inú rere yẹn, mo sì ń fẹ́ kí wọ́n nílò mi.

Ìyá mi fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ló bá a kọ ọ́: "Bí wọn kò bá fẹ́ ọ níbẹ̀, má ṣe jẹ́ kí ìtìjú dá ọ dúró. Máa bọ̀." Mo ka lẹ́tà náà nígbà mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ó ti rí i pé n óò kùnà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọjọ́ Ajé náà.

Píkọ́ọ̀pù yẹn jẹ́ irú èyí tí ẹ́ńjìnnì lè yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn, lẹ́ẹ̀kan náà bí ọ̀nà bá burú. Bàbá kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Kòkó ló ni ín. Ó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ nínú oko ẹ̀yìn Èrìò, níbi tí kùkùté àti àpáta ti ń gbá ọkọ̀ nísàlẹ̀ ikùn. Nítorí náà ló ṣe ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà ga. Àgbẹ̀dẹ kan rọ irin gígùn tuntun tó so sípíríǹgì ẹ̀yìn mọ́ ara ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni bàbá agbẹ́gilére kan ní Ẹ̀fọ̀n gbẹ́ ègé méjì láti ara igi apá, wọ́n sì fi wọ́n sáàárín sípíríǹgì àti irin tó so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Ọkọ̀ náà ga débi pé àwọn ìyá àgbà kò lè gùn ún láìsí àpótí.

Láti ìgbà náà, kùkùté kankan kò kàn án mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá dé orí ọ̀dà, tó sì sáré ju ọgbọ̀n máìlì lọ, ariwo kan á bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀: *gùùrù-gùùrù-gùùrù*, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń yí ọlọ nínú agbada. Bó bá di ogójì, eyín ẹni á máa gbọ̀n.

"Bàbá ní òun ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́," Bọ̀ọ̀dá Sámù wí bó ṣe sọ̀kalẹ̀. "Nínú ṣọ́ọ̀ṣì lánàá, wọ́n gbọ́ mi kí n tó dé. Olùka-ẹ̀kọ́ dákẹ́ títí mo fi kọjá."

Ọ̀gá Adéwùmí ti gbọ́ ariwo náà nígbà méjì ṣáájú. Ó tẹ́ etí sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, ó mi orí. "Gíá ni. Eyín rẹ̀ ti jẹ tán. A ó ránṣẹ́ sí Ìbàdàn fún òmíràn."

Gíá odindi! Owó ńlá ni. Mo wo Bọ̀ọ̀dá Sámù. Ó fọwọ́ lérán.

N kò mọ ohun tó ki mí láyà. Bóyá ọ̀sẹ̀ kan tó kù ni. Mo gbọ́ ohùn ara mi: "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Bọ̀ọ̀dá Sámù, bí ẹ bá kó kòkó kún ọkọ̀, ṣé ariwo náà máa ń pọ̀ tó báyìí?"

Bọ̀ọ̀dá Sámù ronú. "Rárá. Bó bá gbé ẹrù, ó máa ń rọlẹ̀. Ìgbà tó bá ṣófo ló máa ń pariwo. Mo ti sọ fún Bàbá pé ebi ló ń pa á."

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Gíá tí eyín rẹ̀ bá jẹ, ó yẹ kó pariwo jù nígbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀.

"Ọ̀gá," mo wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lọ́jọ́ mẹ́ta kí ẹ tó ránṣẹ́ sí Ìbàdàn."

Ó yíjú sí mi. "Ìwé Faransé ló sọ fún ọ pé kì í ṣe gíá?"

"Rárá, sà. N kò tíì mọ ohun tó jẹ́."

"O ò mọ ohun tó jẹ́, ṣùgbọ́n o mọ ohun tí kì í ṣe." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ gíá, má ṣe dúró de ìparí ọ̀sẹ̀."

Ẹ̀rù bà mí lóru yẹn. Kì í ṣe pé mo bẹ̀rù àtilọ nìkan. Mo ń bẹ̀rù pé bóyá ìgbéraga ló mú mi sọ̀rọ̀, pé bóyá nítorí pé wọ́n fi mí ṣe ẹlẹ́yà ni mo ṣe fẹ́ kí àgbàlagbà ṣàṣìṣe. Mo gbàdúrà pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí Olúwa dárí jì mí, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ gíá.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èmi àti Bọ̀ọ̀dá Sámù gbé ọkọ̀ náà lọ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n. Nígbà tí a ń sọ̀kalẹ̀, mo ní kó yọ gíá, kó sì pa ẹ́ńjìnnì.

"O fẹ́ pa mí ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, bíréèkì wà. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó ń gbàdúrà kíkankíkan, ó pa á. Ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lójú fèrèsé. Ariwo náà sì ń bá a lọ nísàlẹ̀ wa, *gùùrù-gùùrù*, kò dín rárá.

"Ẹ gbọ́ ọ!" mo pariwo. "Ẹ́ńjìnnì ti sùn, òun ò sùn!"

"Èmi náà ò ní sùn mọ́ láyé mi," Bọ̀ọ̀dá Sámù dáhùn. "Ṣé mo lè ṣí i padà?"

Ó wá ku ohun méjì: gíá, tàbí ọ̀pá tó ń yí ẹsẹ̀. Nínú irú ọkọ̀ yẹn, ọ̀pá irin gígùn kan ń gbé agbára láti ara gíá lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ọ̀kan sì ń gbé e lọ sí iwájú. Pọ̀rọ̀pẹ́là ni àwọn mẹ́káníìkì ń pè é. Nígbà tí a padà dé wọ́kíṣọ́ọ̀bù, mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, mo yọ ti ẹ̀yìn kúrò pátápátá, mo sì ní kí Bọ̀ọ̀dá Sámù fi ẹsẹ̀ iwájú nìkan fà á lọ.

Àwọn ènìyàn dúró létí títì. Ẹnì kan ní, "Wọ́n ti gé ọkọ̀ Bàbá Kòkó lẹ́sẹ̀, ó sì tún ń rìn!" Ọkọ̀ náà lọ, ó dé ọgbọ̀n, ó dé ogójì. Ó dákẹ́ bí ológbò.

Mo jókòó sílẹ̀ nínú eruku lẹ́bàá títì. Omi ń bọ́ lójú mi, mo sì ń ṣe bí ẹni tí eruku kó sí lójú. Láti ìgbà tí mo ti dé Èkìtì, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohun tí mo mọ̀ bá ohun tó wà níwájú mi mu.

Kì í ṣe gíá, nítorí gíá kan náà ló fa ọkọ̀ lọ láìpariwo. Ṣùgbọ́n ọ̀pá ẹ̀yìn náà tọ́, oríkèé rẹ̀ méjèèjì sì le dáadáa. Kí ló wá ń pariwo?

Mo padà sábẹ́ ọkọ̀ lọ́jọ́rú. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀, nítorí pé ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pá yẹn ní oríkèé kan níwájú, ó ní ọ̀kan lẹ́yìn, bí ìgbọ̀nwọ́ àti ọrùn-ọwọ́. Bí méjèèjì bá tẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, gbígbọ̀n ọ̀kan á pa ti èkejì rẹ́. Bí ọ̀kan bá tẹ̀ ju èkejì lọ, gbogbo ọ̀pá á máa jà. Mo so òkúta mọ́ okùn, mo fi wọn títẹ̀ iwájú, mo fi wọn ti ẹ̀yìn. Wọn kò bára mu rárá. Imú irin ẹ̀yìn, níbi tí ọ̀pá ti wọlé, ń wo òkè bí imú ajá tó gbóòórùn ẹran.

Mo wá wo àwọn ègé igi apá méjèèjì. Wọn kò nípọn dọ́gba. Apá ẹ̀yìn wọn nípọn, apá iwájú wọn tín-ín-rín. Ní apá tó nípọn yẹn ni bàbá Ẹ̀fọ̀n fín èso kòkó mẹ́ta sí pẹ̀lú ewé wọn, ẹyẹ kan sì bà lé orí wọn. Ó lẹ́wà gan-an. Ẹnikẹ́ni tó bá ń tẹ̀lé ọkọ̀ náà yóò máa rí i.

Bí ẹnì kan bá yí àwọn igi náà padà, kí ibi tó nípọn wà níwájú, imú irin náà á wálẹ̀, títẹ̀ méjèèjì á sì dọ́gba. Ọ̀ràn náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ta ló fi igi náà sí i?

"Ọ̀gá rẹ ni," Bọ̀ọ̀dá Sámù sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi dè é. Mo wà níbẹ̀. Mo bi í léèrè ibi tí ojú rẹ̀ á kọ sí. Ó ní, 'Ta ni í gbé ilẹ̀kùn tí wọ́n fín kọjú sí inú yàrá?'"

Ẹ wo ibi tí mo há sí. Ẹni tí yóò sọ bóyá n óò dúró ni ẹni tó ṣe àṣìṣe náà. Àgbà ni, ó gbà mí nígbà tí kò sẹ́ni tó gbà mí. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á ra gíá lásán, ariwo á wà síbẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, èmi ọmọ oṣù mẹ́ta ni yóò dójú tì í lójú àwọn tí ó kọ́ níṣẹ́. Mo rò ó títí orí mi fi ń fọ́ mi. Níkẹyìn, mo ní kí Bọ̀ọ̀dá Sámù gbé mi lọ bá agbẹ́gilére ní Ẹ̀fọ̀n.

Bàbá náà jókòó láàárín èérún igi, ó na ẹsẹ̀ síwájú. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo bi í bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ gbẹ́ igi náà kó nípọn lápá kan ni.

"Ṣé ojú mi ti fọ́ ni, tí n óò fi ṣèèṣì?" ó wí. "Àgbẹ̀dẹ fi ọwọ́ hàn mí. Ó ní irin gígùn tí òun rọ ti gbé imú irin ẹ̀yìn sókè, kí n jẹ́ kí iwájú nípọn, kó lè tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Ibẹ̀ ni mo fín in sí, nítorí pé ibẹ̀ ni àyè wà. Kí ló dé?"

"Bàbá, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ ọ́ sí."

Ó wò mí, ó wo Bọ̀ọ̀dá Sámù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Adéwùmí! Ó fẹ́ràn iṣẹ́ mi jù!" Lẹ́yìn náà ó nu ojú rẹ̀. "Ìwọ, ta ni ọ́? Ohùn rẹ kì í ṣe ti ibí."

"Ọmọ Kétu ni mí, sà."

"Kétu." Ó tún un sọ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí a dárúkọ ẹbí rẹ̀ kan fún. "O ti rìn jìnnà kó o tó wá rí àṣìṣe wa. Gbọ́. Sọ fún Adéwùmí pé èmi ni mo gbàgbé láti ránṣẹ́ ibi tí ojú igi yóò kọ sí. Èmi ni kó bá wí. Àgbà máa ń gba ẹ̀bi lọ́wọ́ àgbà ju lọ́wọ́ ọmọdé lọ."

Jálẹ̀ ọ̀nà ni mò ń bi ara mi bóyá irọ́ ni. Mo rò pé kì í ṣe irọ́ tán, nítorí pé lóòótọ́ ni kò ránṣẹ́.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo jíṣẹ́ náà, àwọn òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀, Bàbá Kòkó fúnra rẹ̀ sì ti dé, ó fara ti ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo sọ nípa gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n, mo sọ nípa ọ̀pá tí mo yọ, mo sọ ohun tí agbẹ́gilére ní kí n sọ.

Ọ̀gá Adéwùmí lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo àwọn igi náà pẹ́. Nígbà tó nàró, ó kọjú sí gbogbo wa.

"Agbẹ́gilére ń dáàbò bò mí ni," ó wí. "Ta ló fi igi yìí síbẹ̀? Èmi ni. N kò béèrè, nítorí mo rò pé mo mọ̀." Ó na ọwọ́ sí mi. "Fún mi ní sípánà."

Ọ̀gá tó jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí kò ti wọ abẹ́ ọkọ̀ mọ́, ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi nínú eruku. Àwa méjèèjì la jọ yí àwọn igi náà padà. Kò sọ̀rọ̀, àfi ìgbà kan tó ní, "Di ibẹ̀ mú," àti ìgbà kan tó ní, "O ṣé."

Bọ̀ọ̀dá Sámù wà á lọ sí ọ̀nà Ìjerò, Bàbá Kòkó wà níwájú, èmi àti Ọ̀gá nìkan la wà lẹ́yìn kí ẹrù má bàa pọ̀. Ọgbọ̀n máìlì. Ogójì. Ó tó márùndínláàádọ́ta. Ohun tí a ń gbọ́ kò ju ti táyà lórí ọ̀dà.

"Sámù," Bàbá Kòkó ké láti iwájú, "ṣé ọkọ̀ ń lọ?"

"Ó ń lọ, sà!"

"N kò gbọ́ ọ!"

A rẹ́rìn-ín títí a fi padà. Nígbà tí Bàbá Kòkó sọ̀kalẹ̀, ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì fà ro díẹ̀. "Ẹyẹ mi dà? Ṣé inú òkùnkùn ni yóò máa wò?" Ọ̀gá ní kí ó jẹ́ kí bàbá Ẹ̀fọ̀n fín òmíràn sára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó gbà.

Ìparí ọ̀sẹ̀ dé, ó kọjá, kò sẹ́ni tó dárúkọ àtilọ. Ọ̀gá kàn mú ìwé ẹ̀rí mi lórí pẹpẹ, ó kàn án mọ́ ògiri lókè tábìlì rẹ̀. Wọ́n ṣì ń pè mí ní Ọmọ Faransé, ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí Bọ̀ọ̀dá Sámù ń sọ fún dẹ́rẹ́bà kan pé, "Ọmọ Faransé *wa* ni kó o lọ bá." Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Mo fi gbogbo ọjọ́ yẹn gbé e kiri nínú ọkàn mi.

Mo lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Adó láti fi ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Ó ti wá kí ẹ̀gbọ́n mi ní Àjàṣẹ́, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Mo jókòó láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Akọ̀wé sọ fún mi pé kò sí wáyà tó lọ tààrà, pé ohùn mi yóò gba ìlú ọba kọjá, yóò gba ilẹ̀ Faransé kọjá, kó tó dé ọ̀dọ̀ ìyá mi. Ibi tí ọkọ̀ lè dé láàárín ọjọ́ méjì!

"Ṣé ò ń jẹun?" ohun àkọ́kọ́ tó sọ nìyẹn.

Mo sọ fún un nípa ọ̀pá, nípa oríkèé, nípa igi apá. Mo ń sáré sọ̀rọ̀ nítorí àkókò kò tó.

"Ariwo náà," ó wí, ohùn rẹ̀ jìnnà, "ṣé ó ti lọ?"

"Ó ti lọ, Ìyá."

"Ẹni tó ni ọkọ̀, ṣé ó dúpẹ́?"

"Ó dúpẹ́."

"Ó dára. Ọmọ mi ni ọ́." Ohun kan ń dún fìì láàárín wa. "Nígbà wo lò ń bọ̀ nílé?"

Wáyà já kí n tó dáhùn. Mo di ẹ̀rọ náà mú sétí fún ìgbà díẹ̀ síi. Mo ní láti jẹ́wọ́ pé inú mi dùn pé ó já, nítorí n kò ní ìdáhùn.

Ọdún kan ti kọjá báyìí. Mo ti mọ ọ̀nà oko Èrìò àti ti Odò-Ọwà. Ọwọ́ mi ti mọ apá òsì débi pé ẹ̀rù ń bà mí pé n óò ṣàṣìṣe bí mo bá dé Kétu. Mo ń yangàn, mi ò ní purọ́. Nígbà tí mo bá gbọ́ ọkọ̀ kan lókèèrè tí mo sì mọ ibi tó ti ń dùn ún kó tó dé ẹnu ọ̀nà, mo máa ń rò pé ènìyàn lè di ọmọ ibì kan nípa títẹ́tí sí i.

Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, Bàbá Kòkó pè mí. Ó ní òun ní ilẹ̀ kan lẹ́bàá títì ní Ìjerò, pé òun yóò kọ́ wọ́kíṣọ́ọ̀bù síbẹ̀ fún mi, kí n máa dá ṣe. Àwọn tó ń gbé ọkọ̀ wá bá Ọ̀gá Adéwùmí láti apá ibẹ̀ pọ̀, ọ̀dọ̀ mi ni wọn yóò máa dúró sí. Nígbà tí mo sọ fún Ọ̀gá, ó ní, "Ohun tó bá dára lójú rẹ ni kó o ṣe," ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. N kò mọ bóyá ó dùn ún. Ọkùnrin yẹn dùbúlẹ̀ nínú eruku lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀ lójú ọmọ tó ń kọ́ níṣẹ́, nígbà tí ẹlòmíràn ti fún un ní àyè láti bọ́. Ṣé èmi ni ó yẹ kó gba oníbàárà lọ́wọ́ rẹ̀? Ní ọ̀nà kejì ẹ̀wẹ̀, ìyá mi ń dàgbà. Bí mo bá kọ́ ilé iṣẹ́ sí Ìjerò, ìdáhùn tí wáyà kò jẹ́ kí n fún un nìyẹn, yóò sì mọ̀.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù tó ń bọ̀ ni Bàbá Kòkó ń retí ọ̀rọ̀ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde nílé rí, tí ọwọ́ yín sì ti mọ iṣẹ́ nílẹ̀ ibòmíràn, ẹ jọ̀ọ́: ṣé kí n gba ilẹ̀ Ìjerò, ṣé kí n dúró lábẹ́ Ọ̀gá mi, àbí kí n máa lọ bá ìyá mi? Kí ni ẹ̀yin ìbá ṣe?